Ilé-Ìwé Ìjọba Tó Wà Lẹ́yìn Ọjà Wa: Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Jókòó Nínú Ìpàdé Rẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn ọlọ́kọ̀ tó fowó kún owó ẹrù. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà ládùúgbò wa ni, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń fi ọmọ sí, tí púpọ̀ nínú wa sì ti kó ọmọ kúrò níbẹ̀.

Bí a bá jókòó sídìí ìsọ̀ lọ́sàn-án tí oníbàárà ò pọ̀, ohùn méjì la máa ń gbọ́. Ẹnìkan á ní, "Kó ọmọ ẹ kúrò níbẹ̀ jàre, wọn ò kọ́ wọn ní nǹkan kan." Ẹlòmíràn á ní, "Ibo ni kí n kó o lọ? Ṣé owó wà ni?" Lẹ́yìn náà oníbàárà á dé, a ó dìde, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn.

Èmi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Sísá kúrò níbẹ̀ ò tún ilé-ìwé ṣe, dídákẹ́ náà ò tún un ṣe. Èrò tèmi ni pé a ti fi àga wa sílẹ̀ nínú ìpàdé ilé-ìwé, àwọn ẹlòmíràn ń jókòó sórí rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì pinnu níbẹ̀ làwa ń sanwó fún. Bí àwa obìnrin ọjà bá padà lọ jókòó níbẹ̀, tí a lọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, ilé-ìwé yẹn á yí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

OHUN TÍ OJÚ ÒBÍ Ń RÍ

Ẹni tó bá wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ bi ìyá èyíkéyìí tó ní ọmọ nílé-ìwé ìjọba, ohun tí á sọ fún yín ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni owó kéékèèké. Wọ́n ní ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n owó P.T.A. wà, owó ìdánwò wà, owó bẹ́ńṣì wà, owó ìgbálẹ̀, owó ẹni tó ń ṣọ́ ilé-ìwé lóru, owó ayẹyẹ ìparí ọdún. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, owó kan ò pọ̀. Bí ẹ bá wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ọmọ mẹ́ta, owó gidi ni. Ohun tó ń dun àwọn òbí jù ni pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí rísíìtì. Ọmọ á mú owó lọ, wọ́n á fàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kan, ó parí. Ọjọ́ tí ìyá ò bá rówó san, ọmọ á dé ìsọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀ lẹ́yìn, á ní, "Màmá, wọ́n ní kí n lọ mú owó wá." Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ nìyẹn.

Èkejì ni pé tísà ò tó. Ilé-ìwé wà tí tísà kan ń kọ́ kíláàsì méjì papọ̀: ìdajì kọjú sí pátákó níwájú, ìdajì kọjú sí pátákó lẹ́yìn. Bí tísà náà bá lọ gbowó oṣù tàbí tó lọ ṣe ìpàdé, kíláàsì méjèèjì á máa pariwo títí di ìgbà tí aago á lù.

Ẹ̀kẹta ni ti ilé àti àga. Òrùlé ń jò lásìkò òjò, ọmọ mẹ́rin ń fún ara wọn pọ̀ sórí bẹ́ńṣì tó yẹ kó gba méjì. Ibòmíràn wà tí òbí ní láti ra àga fún ọmọ tirẹ̀, tí ọmọ náà ń rù ú lórí lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni ń gbé ẹrù lọ sọ́jà.

Ẹ̀kẹrin ni lẹ́tà. Ilé-ìwé á kọ lẹ́tà sí wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ìyá ni á gbé e fún ọmọ kan náà pé kó bá òun kà á. Bí ọmọ náà bá sì ti mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ òun ló wà nínú rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí á kà jáde.

Ìkarùn-ún, èyí tó ń bí èmi nínú jù, ni àkókò ìpàdé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n máa ń pè é, láàárín ọ̀sẹ̀. Ṣé ìyá tó ń ta ẹja tútù ni kó fi ẹja sílẹ̀ fún eṣinṣin? Ṣé ẹni tí ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ máa gbéra lọ sí Èkó láàárọ̀ ni kó ní kí dẹ́rẹ́bà dúró de òun? A ò lọ. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tó bá ráyè lọ ló máa ń fọwọ́ sí owó tuntun. Bí a bá wá ń ṣàròyé, wọ́n á ní, "Òbí ló pinnu rẹ̀." Òtítọ́ ni wọ́n sọ, òbí ló pinnu rẹ̀. Àwa nìkan la ò sí níbẹ̀.

Mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dà bíi pé gbogbo tísà ni ò dára. Ó wà nínú wọn tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ẹfun ìkọ̀wé. Ó wà nínú wọn tó ń dúró lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, tó ń kọ́ ọmọ tí kò mọ̀wé kà láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ oníbàárà wa, wọ́n ń ra àwìn lọ́wọ́ wa nígbà tí owó oṣù bá pẹ́, a sì mọ̀ pé wọ́n ń san án. Tísà tí ebi ń pa ò lè fi ọkàn kọ́ ọmọ. Irú àwọn tísà bẹ́ẹ̀ náà ń wá ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ létí ìjọba. Bí a bá lọ síbẹ̀, a ń lọ gbè wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú ni.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin kan wà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ní ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ kárí-ayé tí wọ́n ń pè ní UBE. Ní 2004 ni wọ́n wá sọ ọ́ dòfin. Òfin náà ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọdún mẹ́fà àti ti girama kékeré ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin náà kà sí ọ̀fẹ́: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkàwé, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Mo ní àga àti tábìlì o! Bẹ́ńṣì tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa, òfin ti kà á mọ́ ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè. Òfin yìí kan náà ní ẹni tó bá gba owó lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti ṣẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ fún un, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì.

Ṣùgbọ́n idà olójú méjì ni òfin yìí, ó kan àwa òbí náà. Òbí tí kò bá fi ọmọ sílé-ìwé, ìbáwí ni wọ́n á fi ṣe tìgbà àkọ́kọ́. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bó bá tún ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Owó yẹn lè má tó nǹkan lójú ẹlòmíràn lóde òní, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun ò gbọ́.

Kí n tún là á yéni: òfin ò ní kí òbí má dáwó láti fi ran ilé-ìwé lọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́. Bí àwọn òbí bá jókòó, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti tún kànga ṣe, ìyẹn dára. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n fi tipátipá gba owó, kí wọ́n lé ọmọ tí kò san kúrò ní kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

BÍ A ṢE DÉ IBI TÍ A DÉ

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé báyìí ni ilé-ìwé ìjọba ṣe rí látilẹ̀wá. Rárá o. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Olóyè Awókọ̀yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ níhìn-ín ní Oǹdó tiwa, wà lára àwọn tó gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Ọdún yẹn nìkan, ọmọ tó wọlé ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin (800,000) lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò sì tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500,000) ní ọdún tó ṣáájú.

Kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó ṣe é. Owó orí tí wọ́n fi kún un nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí àwọn ará ìlú nínú, ẹgbẹ́ Action Group sì pàdánù ìdìbò àpapọ̀ ti 1954 ní ilẹ̀ ara wọn. Síbẹ̀ wọn ò dá ètò náà dúró. Àwọn ará ìlú tó ń kùn náà ló tún wá ru omi, tó ru yẹ̀pẹ̀, tó mọ ògiri ilé-ìwé. Àwọn ìyá wa àgbà tó fi orí gbé omi yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kan. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni ilé yẹn.

Ní 1976 ìjọba ológun mú ètò náà kárí gbogbo Nàìjíríà. Nígbà tí Olóyè Ajásin di gómìnà Oǹdó ní 1979, ó tún sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ títí kan ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nínú àwọn tó ń pàṣẹ lóde òní, ọ̀pọ̀ ló jókòó sórí bẹ́ńṣì ilé-ìwé ìjọba ìgbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọrọ̀ ajé dojú rú, owó oṣù tísà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, ìyanṣẹ́lódì ò tán. Ẹni tó ní owó díẹ̀ kó ọmọ rẹ̀ jáde. Ẹni tó tún rí díẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ilé-ìwé ìjọba wá di ti ẹni tí kò ní ohùn, ilé tí ẹni tó ní ohùn ò bá sì sí nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ bó bá ń jò.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Kẹ́ńyà, ní oṣù kìíní ọdún 2003, ìjọba tuntun Ààrẹ Kibaki fagi lé owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ya wọ ilé-ìwé. Ayọ̀ kún ìlú. Ṣùgbọ́n kíláàsì kún àkúnya, tísà ò tó, àwọn òbí kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ lọ sí ti aládàáni. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ nìkan ò tó. Ọ̀fẹ́ tí kò ní alábòójútó, ọjà tí kò ní ìyálọ́jà ni.

OWÓ TÍ À Ń KÓ LỌ SÍBÒMÍRÀN

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ilé-ìwé aládàáni. Ọmọ ẹni ni, ibi tó bá wuni làá fi sí. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni wá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjà náà.

Ká ní ìyá kan ní ọmọ mẹ́ta, kó sì máa san ₦20,000 lórí ọmọ kan ní táàmù kan. ₦60,000 nìyẹn ní táàmù. Táàmù mẹ́ta ló wà nínú ọdún, ó di ₦180,000. Ọdún mẹ́fà ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó di ₦1,080,000. A ò tíì ka aṣọ, ìwé, lẹ́sìnnì àti owó ọ̀kadà mọ́ ọn. Owó yẹn tó ẹni tó ń ta gààrí ní kóńgò láti di ẹni tó ń tà á ní àpò.

Ṣé gbogbo ilé-ìwé tí à ń san án fún ló tún dára ju ti ìjọba lọ? Ó wà nínú wọn tó dára gan-an. Ó sì wà nínú wọn tó jẹ́ yàrá méjì àti pátákó orúkọ ńlá, tí ẹni tó ń kọ́ni níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama tó ń dúró de èsì ìdánwò. Tísà ìjọba kàwé fún iṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán ó ní N.C.E. Ohun tí à ń rà ní ti aládàáni ni pé bí a bá bínú, ẹni tó ni ín á dá wa lóhùn, nítorí ó ń bẹ̀rù ká má kó ọmọ lọ. Ìdáhùn yẹn là ń fi owó rà. Mo sì ń sọ pé a lè rí ìdáhùn bẹ́ẹ̀ gbà nílé-ìwé ìjọba pẹ̀lú, bí a bá pọ̀, tí ohùn wa sì ṣọ̀kan.

TA LÓ YẸ KÁ BI?

A kì í lọ sídìí ìsọ̀ aláṣọ lọ béèrè ata. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé ọ̀gá ilé-ìwé nìkan là ń dojú kọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé ló ni ọ̀rọ̀ ìwà tísà, ìpẹ́lẹ́yìn, rísíìtì, ìmọ́tótó, àti bí wọ́n ṣe ń na ọmọ. Ẹ bi í.

Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí ti 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀rẹ̀ níhìn-ín ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó wà, kì í ṣe Àkúrẹ́, kì í ṣe Àbújá. Ẹsẹ̀ lè gbé wa débẹ̀.

SUBEB ní Àkúrẹ́ ló ń fi tísà ránṣẹ́, òun ló ń kọ́ yàrá ìkàwé. Òfin 2004 yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lára owó àpapọ̀ fún ètò yìí. Ṣùgbọ́n kí ìpínlẹ̀ kan tó lè gba tirẹ̀ fún kíkọ́ ilé-ìwé, ó gbọ́dọ̀ mú owó tirẹ̀ sílẹ̀, kó pín in sí méjì pẹ̀lú Àbújá. Ó dà bí àjọ: ẹni tí kò bá dá tirẹ̀, kò ní kó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ owó àwọn ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà fi máa ń sùn sí Àbújá. Àwa tí à ń dá àjọ, a mọ ìbéèrè tó yẹ ká béèrè: "Ẹ ti dá ti ọdún yìí? Ẹ ti kó o? Ilé-ìwé wo lẹ fi ṣe ní Odìgbó?"

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà níbẹ̀, ó sì kan àpò wa. Ní 2016 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. ₦70 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣírò lórí ọmọ kan, wọ́n wá sọ ọ́ di ₦100, kí wọ́n tó dá ètò náà dúró ní oṣù kìíní ọdún 2024. Obìnrin tó ń sè é, obìnrin tó ń ta ẹ̀wà, ẹyin, epo àti ìrẹsì fún un, àwa náà ni. Ọmọ tó mọ̀ pé òun á jẹun kì í pa ilé-ìwé jẹ. Oúnjẹ ọ̀sán wà nínú òfin. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa máa béèrè fún un nígbàkígbà tí olóṣèlú bá wá kí wa lọ́jà.

ẸJỌ́ TI ÒBÍ NÁÀ

A ò lè na ìka kan sí ilé-ìwé ká má rí mẹ́rin tó kọjú sí òbí. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ lọ wo kíláàsì, ìdajì ọmọ ni ò sí níbẹ̀. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ńlá Èkó sí Bìní, wọ́n ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá, búrẹ́dì àti ìpékeré lórí. Ẹ̀yin náà mọ bí tírélà ṣe ń wọ Ọ̀rẹ̀. Èrè tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá jẹ lórí ọ̀nà yẹn kò tó owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó sì gbà ní 2007, kórìíra kí ọmọ máa kiri ọjà lójú títì. Bí ọmọ bá máa ran wá lọ́wọ́, kó dúró sídìí ìsọ̀ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, kó sì ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Tiwa kì í ṣe ilé nìkan, ìsọ̀ náà wà níbẹ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ ẸGBẸ́ ṢE

Ní 2005 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tí wọ́n ń pè ní S.B.M.C. Ìlànà rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún aṣojú ẹgbẹ́ obìnrin. Àyè wa wà níbẹ̀, àìlọ ló ń jẹ́ kó ṣófo. Nítorí náà mo dábàá nǹkan mẹ́rin:

1. Kí ẹgbẹ́ yan obìnrin méjì fún ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan tó wà nítòsí ọjà wa, kí wọ́n jẹ́ aṣojú wa nínú S.B.M.C. àti P.T.A. Kí ọ̀kan mọ̀wé, kí èkejì jẹ́ àgbà tí ẹnu rẹ̀ ò wúwo.

2. Kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé kí ìpàdé òbí bọ́ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí wọ́n sì máa kọ ìwé ìpè rẹ̀ ní Yorùbá. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí sáyẹ́ǹsì bá lè wọ inú Yorùbá, lẹ́tà ìpàdé á wọ̀ ọ́.

3. Owó tí kò bá ní rísíìtì, ká má san án. Kí wọ́n sì lẹ ìṣirò owó P.T.A. mọ́ ara ògiri ní ìparí táàmù, iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ohun tí à ń ṣe nínú àjọ wa nìyẹn, kò le.

4. Kí obìnrin méjì máa yọjú sí ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní àlọ́yípo, kì í ṣe láti lọ jà. Kí wọ́n kí tísà, kí wọ́n ka iye ọmọ, iye tísà, iye bẹ́ńṣì, kí wọ́n wá jábọ̀ fún ẹgbẹ́. Nígbà tí a bá ti ní ìwé iye yẹn lọ́wọ́ la tó lè lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ láìjẹ́ pé ariwo lásán la pa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á fi ọmọ mi jẹ́jọ́." Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká lọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Wọ́n lè mọ ọmọ ìyá kan, wọn ò lè mọ ọmọ gbogbo ọjà. Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ò kàwé, kí ni mo fẹ́ lọ sọ láàárín àwọn tísà?" Ìyá mi, o mọ owó ṣírò, o mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, o mọ ìgbà tí ẹnìkan bá ń purọ́ fún ẹ. Ohun tí ìpàdé yẹn nílò nìyẹn.

Ẹ rántí àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1940, Olùkọ́ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé. Láti inú kíkàwé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń dùn wọ́n, owó orí àti ìrẹsì tí wọ́n ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n dìde lọ́kan ṣoṣo, ìjọba òyìnbó gbọ́, Aláké pàápàá fi ìlú sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò kàwé rí kó tó di ìgbà náà. Àwa ò tilẹ̀ fẹ́ lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí oyè. Bẹ́ńṣì, tísà àti rísíìtì la fẹ́.

Gbogbo Nàìjíríà mọ Ọ̀rẹ̀ mọ́ ogun tí wọ́n jà níbí ní 1967. Àwọn tí kò mọ ìyẹn mọ̀ wá mọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró kí èrò jẹun. Ó wù mí kí wọ́n tún mọ̀ wá mọ́ ìlú tí àwọn obìnrin ọjà ti ń mójú tó ilé-ìwé ìjọba tó bẹ́ẹ̀ tí olówó pàápàá fi ń dá ọmọ padà síbẹ̀.

Mo rọ Ìyálọ́jà wa àti àwọn olóyè ẹgbẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí sí iwájú ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ nílé-ìwé ìjọba kó kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ilé-ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ti aládàáni náà kó wá, nítorí ọmọ tí kò kàwé ládùúgbò kì í yọ ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bó bá dàgbà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.